Ọwọ́ Tí Màmá Nà Láàárọ̀

"Ẹnì kan kì í ní kí àgbà rẹ́rìn-ín kí òun fi wo ẹnu rẹ̀." Bí Màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì gbójú sókè kúrò lára edé tó ń ṣà nínú abọ́ tó gbé lé ẹsẹ̀.

Ìbíyẹmí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dúró níwájú rẹ̀ nínú pálọ̀ wọn ní Abúlé Òkúta, fèrè tó fi ń darí àwọn ọmọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ní iléèwé girama kan ní Bàrígà. Ó ti padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni ìwádìí rẹ̀ dá lé lórí: bí a bá kọ́ ọmọ iléèwé ní àmì àrùn rọpárọsẹ̀ lórí pápá, níbi tó ti ń sáré tó ń fò, ṣé ọmọ náà á gbé e délé? Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí náà kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló kan bọ́ọ̀lù gbígbá nínú ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀. Ìbíyẹmí dá a lóhùn pé ara kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Àwọn àmì náà kò le. Ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmì ni. Ní kó na apá méjèèjì síwájú. Bí ọ̀kan bá ń já bọ́, àmì ni. Ní kó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, àmì ni. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó láti gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn, kí a má dúró ṣe àlàyé.

Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí nìyẹn tí Ìbíyẹmí ṣe fẹ́ kí òun náà mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kàn na ọwọ́ méjèèjì sókè báyìí, Màmá. Kò ní pẹ́."

"Kí n nawọ́ sókè? Ṣé ọlọ́pàá ló mú mi ni, àbí mo jí ewúrẹ́?"

"Màmá, bí àwọn ọmọ iléèwé mi ṣe máa ń ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn ọmọ iléèwé ẹ. Lọ bá wọn." Màmá ju orí edé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá Tolú, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí fa àwọ̀n nínú omi Ìlàjẹ. Mi ò ní torí ẹ di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Samson, ọkọ Ìbíyẹmí, ti dé láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Ó jókòó sórí àga, ó ń fi kẹrosíìnì nu táda, yíǹkì ìtẹ̀wé, kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa á. "Màmá, lọ́la wọ́n á ní kẹ́ ẹ sáré yí ilé po."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa sáré. Èmi á jókòó, màá máa pàtẹ́wọ́ fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti rẹ Ìbíyẹmí lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ sì yá ju èrò rẹ̀ lọ. Ó ní irú àwọn alágídí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọ ilé ìwòsàn bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Samson dẹ́kun ọwọ́ nínù. Màmá bo abọ́ edé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ó sì wọ yàrá lọ. Wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, kò dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tó máa ń jókòó sí kó tó lọ ta ẹja ní etí ọ̀sà. Orín wà lẹ́nu rẹ̀. Samson ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí i. Màmá dáhùn, ṣùgbọ́n inú orín ni ohùn rẹ̀ ti wá, ó kùn hùn-ùn bí ohùn ẹni tí wọ́n fi tipá mú sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan níléèwé ti ní kí Ìbíyẹmí bá òun ra ẹja yíyan, Màmá sì ti di í sínú ọ̀rá. Ó gbé ọ̀rá náà, ó nà án sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

Ẹni tí a bí nílẹ̀ Yorùbá kò nílò kí ẹnì kan túmọ̀ ìyẹn fún òun. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọdé kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àgbà kì í sì í fi fún ẹni tó bá fẹ́ràn ní nǹkan. Bí àgbà bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ọ, ó ti bú ọ tán láìla ẹnu. Ìbíyẹmí wo ọ̀rá náà. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá wà lórí itan rẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ tó sì gbàgbé.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó wí.

Kò gba ẹja náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Ó gbọ́ tí Màmá ń sọ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú padà. Títí tó fi dé iléèwé ló ń bá ara rẹ̀ rojọ́ nínú, ó sì jàre gbogbo ẹjọ́ náà.

Pápá iléèwé wọn kò ju iyanrìn tó wà láàárín ògiri méjì lọ. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ni Ìbíyẹmí kó kíláàsì kan síta. Wọ́n sáré lọ, wọ́n sáré bọ̀. Bó bá ti fọn fèrè, gbogbo wọn á dúró gbagidi, ẹnì kan á pariwo, "Ẹ̀rín!" wọ́n á rẹ́rìn-ín, "Apá!" wọ́n á nà án, "Ọ̀rọ̀!" oníkálùkù á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ṣubú lulẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n gbé àwọn lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n jókòó sí abẹ́ òjìji táǹkì omi. Ó fẹ́ gbọ́ ohun táwọn ará ilé wọn sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí rẹ̀ wà.

"Peculiar, ilé ńkọ́?"

"Mà, bàbá mi ní tí mo bá tún fi ní kí àwọn rẹ́rìn-ín, èmi ni màá sunkún."

Ẹ̀rín sọ. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́, Waliyat?"

"Ìyá àgbà ní àwọn máa na apá tí mo bá kọ́kọ́ fọ abọ́. Mo fọ abọ́, mà. Wọn ò nà á."

"O ò mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni?" Peculiar wí. "Tọ́la á tún jẹ́ aṣọ fífọ̀."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dáraolúwa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, na ọwọ́ sókè. "Mà, a ò lè máa pàṣẹ fún àgbà. Kí la lè máa wò tí a ò fi ní sọ nǹkan kan?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ Ìbíyẹmí nínú. Ó dá fèrè padà sọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn bí olùkọ́ ṣe ń dáhùn. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọn ò mọ̀ pé ẹ ń wò wọ́n. Bí tíì bá ń dà jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn. Bí bàtà bá ń bọ́ ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ti ń lo ọwọ́ ọ̀tún látọjọ́ tó ti dáyé bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ọmọ dúró de ìyókù. Adìẹ kan ń ta iyanrìn lẹ́yìn wọn. "Fi ọwọ́ òsì jẹun, mà?" Waliyat bá a parí ẹ̀.

"Ẹ padà sí kíláàsì yín," Ìbíyẹmí wí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó bọ́ fèrè, ó fún Waliyat, ó sì pe nọ́ńbà Màmá. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Etí ọ̀sà kò jìnnà púpọ̀ sí iléèwé náà fún ẹni tó bá lè sáré, eré sísá sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba àárín àwọn ilé kọjá, ó fo ojú gọ́tà, ó yẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé ó tún ti dé pẹ̀lú àṣà rẹ̀. Oníṣẹ́ bàtà kan pè é láti ẹ̀gbẹ́ títì, "Ànńtí Sáré, ta lẹ ń lé?" Ó juwọ́ sí i. Ó ń retí kí ẹ̀rù ba òun, ẹ̀rù kò wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ nísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ó rí obìnrin kan tó ń sá aṣọ òtútù ọmọ, ó rí ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì, ó sì rò ó nínú pé aṣọ náà kò tíì mọ́.

Èéfín ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ létí omi. Serifat, ará Ọ̀yọ́ tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ló rí i. Ó fi abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná tọ́ka sí ẹ̀yìn.

"O dé bá wọn báyìí. Kí lẹ ṣe fún ìyá yìí nílé? Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń bínú. A kí wọn, kàkà kí wọ́n dáhùn, wọ́n ń kùn. Oníbàárà ní kí wọ́n gbé epìyà fún òun, òsì ni wọ́n fi gbé e sí i lọ́wọ́. Obìnrin yẹn ju ẹja sílẹ̀, ó bínú lọ. Mo ní, ìyá, ọjà kọ́ ló ṣẹ̀ yín o. Wọ́n kàn wò mí. Èmi náà wá fi wọ́n sílẹ̀."

Ìbíyẹmí kọjá lára rẹ̀. Màmá jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ìdajì ojú rẹ̀ rí bó ṣe máa ń rí. Ìdajì kejì ti rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí okùn rẹ̀ kan ti já. Itọ́ wà lágbọ̀n rẹ̀, orín rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú ìpẹ́ ẹja. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn sókè, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan dúró. Ọ̀kan já lulẹ̀ bàrà.

"Màmá, ẹ pe orúkọ mi."

Ohùn kan jáde lẹ́nu Màmá. Ọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

"Yéè," Serifat wí lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ẹ jẹ́ á fún wọn lómi."

"Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ẹ bá mi gbé wọn."

Wọ́n gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, Ìbíyẹmí gbé orí rẹ̀ lé àyà. Ojú ọ̀nà ló ti pe Samson. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní gbólóhùn méjì, ó sì pa fóònù.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbé Màmá wọlé, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Samson dé pẹ̀lú táda lọ́wọ́ àti lójú, kò rántí bọ́ aṣọ iṣẹ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti Serifat dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí dókítà jáde sí wọn. Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ń yára sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ wọn. Oògùn kan wà tó lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù la lè fún. Bó bá ti pẹ́ jù, oògùn yẹn kan náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ, kó sì pa wọ́n. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀sán yìí ni," Serifat yára wí, bí ẹni pé òun kọ́ ló ní wọ́n ti ń kùn látàárọ̀. "Ọ̀sán yìí náà ni, dókítà. Wọ́n tajà dáadáa láàárọ̀."

"Ọ̀sán yìí ni," Samson gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sí níbẹ̀, kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń di koríko mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ojú Ìbíyẹmí wà lára bàtà dókítà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á fún Màmá ní oògùn náà, bó bá sì pa á, wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Samson á bi í bó ṣe mọ̀. Ó wo ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tó gún un lára nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bi.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ó wí.

Serifat fún un lápá pinpin. Ìbíyẹmí kò dúró.

"Kò tíì ṣe wọ́n lálẹ́ àná. Mo rí wọn tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé abọ́ wọlé. Kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ òní, ó ti ṣe wọ́n. Wọ́n na nǹkan sí mi, òsì ni wọ́n fi nà án. Ọ̀tún wọn wà lórí itan, kò mira. Wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò já gaara."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi ni wọ́n nà án sí."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ó ti pẹ́ jù fún oògùn yẹn nìyẹn. A ò ní fún wọn. Nǹkan míì wà tí a máa ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé ọwọ́ yẹn máa padà, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn." Ó ti fẹ́ wọlé kó tó dúró. "Ẹ sọ gbogbo àmì náà létòlétò. Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Olùkọ́ ni mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní àmì rẹ̀."

Dókítà wò ó. Ó tún yíjú, ó wọlé.

Serifat ní òun ń lọ bá wọn palẹ̀ ẹja mọ́ kí ológbò tó jẹ ẹ́ tán. Ó ku tọkọtaya náà lórí bẹ́ǹṣì. Samson fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wọn. Ó yíjú sí i.

"O rí i."

"Mo rí i."

"O wá lọ síbi iṣẹ́."

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ àná ni. Mo rò pé wọ́n fi bú mi ni, Bàbá Tolú."

Samson ń fi èékánná kan ha táda lábẹ́ èkejì. Kò pariwo. Ìbíyẹmí ti múra sílẹ̀ de ariwo, èyí tó dákẹ́ yìí ni kò mọ ibi tí òun máa gbé e kà. Ó gbìyànjú láti sunkún, nítorí ó mọ̀ pé ó yẹ. Omi kò sí. Orí rẹ̀ ń ro ohun tó máa kọ sínú ìwádìí rẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ nǹkan kan mọ́. Àwọn ọmọ náà ti gbé e délé. Wọ́n gbé e délé, wọ́n fọ abọ́ lé e. Ẹni tó ń kọ́ wọn ni kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀.

Samson pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìbídàpọ̀, tó ń gbé ní etíkun Ìlàjẹ. Èdè ilé wọn ni wọ́n sọ. Ìbíyẹmí kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì gbọ́ "òsì". Samson kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Nígbà tó yá, ó na fóònù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ìyàwó. Wọ́n ní Màmá fi òsì na nǹkan sí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sì gbà á."

"Mi ò gbà á."

Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wuu nínú fóònù náà. "Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní gbà á," Ìbídàpọ̀ wí. "Màá tiẹ̀ tún bá a fa ọ̀rọ̀. Màmá wa, o mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu oyin. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olùkọ́ tó ń kọ́ni ní àmì àrùn yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo máa wọ ọkọ̀ ní ìdájí ọ̀la. Má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó dé."

"Mi ò ní kúrò, mà."

Ó dá fóònù padà fún Samson. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n sọ, èyí tó tù ú nínú àti èyí tó gún un, ṣàn kọjá lára rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ó mọ̀ pé wọ́n á padà wá bá òun lọ́jọ́ mìíràn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá níbi tó bá ti ń wa gàrí tàbí níbi tó bá ti ń ká aṣọ. Lónìí, wọn kò rí ibi bà sí.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú. "Ta ni nínú yín tó lè bá mi yí màmá yìí? Wọn ò gbọdọ̀ sùn sójú kan."

Samson dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dúró. Ó wo táda tó kún ọwọ́ rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lọ," ó wí. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ara."

Ìbíyẹmí wọlé. Ó fọ ọwọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń dúró tó bá fẹ́ fi nǹkan han kíláàsì rẹ̀: ẹsẹ̀ fẹ̀, orúnkún rọ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn tọ́. Ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ èjìká Màmá, ọ̀kan bọ abẹ́ ìbàdí. Ojú Màmá là sílẹ̀, ó ń wò ó, kò sì sí ohun tí èèyàn lè kà níbẹ̀, yálà ìbínú ni tàbí ẹ̀bẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ yí yín."

Màmá wúwo ju bó ṣe rò lọ. Òun àti nọ́ọ̀sì yí i, wọ́n ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, wọ́n tún apá tó kú náà ṣe kó má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ṣe díẹ̀ sí i, àwọn á tún ní láti yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, pé kí Ìbíyẹmí lọ sinmi ná níta.

Ìbíyẹmí ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ó fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó.